Lẹ́tà Ìparí Sáà Kìíní sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Ìrìn-àjò Fez

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìmúra ọdún, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ. Sáà kìíní ti parí. Èsì ìdánwò wà lọ́wọ́ àwọn tísà kíláàsì. Tí ẹ bá gbà á, ẹ ṣí i sí ojú ewé kejì, ibẹ̀ ni a kọ iye ọjọ́ tí ọmọ pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ sí, ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í fẹ́ kí òbí rí. A kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó ilé-ẹ̀kọ́. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyẹn mọ síbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Fez ló kún ọ́fíìsì mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ẹ rántí pé ní ìpàdé òbí àti tísà, mo kéde pé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, a ó kó ọmọ SS2 méjìdínlógún àti tísà mẹ́rin lọ sí ìlú Fez, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, fún ọjọ́ mẹ́fà. Kí n tó délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá kan ti pè pé kí ló dé tí kì í ṣe Dubai. Mo dá a lóhùn pé ọmọ tí ó bá fẹ́ rí ilé gogoro, kí ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ìlú tí ó ti wà láti ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, tí ọjà rẹ̀ ṣì ń ná, tí odi rẹ̀ ṣì dúró, tí mọ́tò kò lè wọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà inú odi náà títí di òní, ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìkọ́ni. Mọ́sálásí àti ilé-ẹ̀kọ́ al-Qarawiyyin wà láàárín ọjà náà gan-an. Ìtàn fi yé wa pé obìnrin kan, Fatima al-Fihri, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Kairouan ní Tùnísíà, ló fi owó ogún rẹ̀ kọ́ mọ́sálásí náà ní 859, tí ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ilé ìkàwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ láyé òde òní, Aziza Chaouni, ayàwòrán ilé tí wọ́n bí sí Fez, ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ lé lọ́wọ́. Obìnrin ló dá a sílẹ̀, obìnrin náà ló tún un ṣe. Àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ń sọ fún mi pé físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, mo fẹ́ mú wọn dúró níwájú ilẹ̀kùn yẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ńkọ́? Ẹni méjì ló wá bá mi lọ́sẹ̀ kan náà. Màmá àgbà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, Alhája, jókòó síwájú mi pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn ò béèrè owó, wọn ò béèrè físà. Wọ́n ní, "Pírínsípà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ṣéù, kí ọmọ mi bá mi ṣe àdúà níbẹ̀." Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú Tijaniyya, ìjọ Mùsùlùmí tí Ṣéù Ahmad al-Tijani dá sílẹ̀, mọ ohun tí Alhája ń sọ: Fez ni wọ́n sin Ṣéù náà sí ní 1815, àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò sì yé lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ kejì, màmá mìíràn pè mí láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a fẹ́ yí ọmọ wọn lẹ́sìn padà. Mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀: ní Mòrókò, ẹni tí kì í bá ṣe Mùsùlùmí kì í wọ mọ́sálásí, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹnu ọ̀nà al-Qarawiyyin ni ọmọ wọn máa dúró sí, yóò na ọrùn wo àgbàlá àti omi inú rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ilé-kéwú àtijọ́ bíi Bou Inania àti al-Attarine ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, onígbàgbọ́ àti ìmàle. Ní Casablanca, ìlú tí ọkọ̀ òfurufú wa yóò balẹ̀ sí, mọ́sálásí Hassan II tí wọ́n parí ní 1993 ń gba àlejò gbogbo ẹ̀sìn ní àkókò tí wọ́n yàn, ibẹ̀ ni gbogbo wa yóò jọ wọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kan ẹ̀yin gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Fez, mo ti lé ní ogójì ọdún. Agboolé kan nítòsí Ọjà'ba ni wọ́n bí mi sí, mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀, mo sì ń dá ara mi lójú pé ọmọ Ìbàdàn kì í sọnù. Kò tó wákàtí kan tí mo fi sọnù. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró débi pé níbòmíràn, tí mo bá na apá méjèèjì, ògiri ni ọwọ́ mi méjèèjì ń kàn. Máàpù orí fóònù kàn ń yí gbirigbiri. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá yọ sí mi, ó fi Faransé sọ pé ọ̀nà tí mo ń tọ̀ ti dí, kí n tẹ̀ lé òun. Mo tẹ̀ lé e. Ó mú mi dé ṣọ́ọ̀bù aláwọ kan, ó na ọwọ́, ó gba owó. Owó náà kò dùn mí tó ohun tí mo rí lálẹ́: mo gba ọ̀nà yẹn kọjá, kò sí ohun tó dí i rárá.

Bàbá kan tó ń ta tíì ló là mí lójú lọ́jọ́ kejì. Láti ẹnubodè Bab Bou Jeloud, tí wọ́n kọ́ ní 1913, ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà ńlá méjèèjì, Talaa Kebira àti Talaa Sghira, ń dà sí títí dé al-Qarawiyyin. Nítorí náà, tí o bá sọnù ní agbègbè yẹn, wá ọ̀kan nínú méjèèjì, kí o sì máa gòkè. Ara ẹnubodè náà kò ní àwọ̀ kan ṣoṣo: búlúù ló kọjú síta, àwọ̀ ewé ló kọjú sínú. Tí o bá ń wo àwọ̀ ewé, inú lo ṣì wà. A ti ń kọ́ wọn ní èyí bí orin lórí ìlà ní àárọ̀.

Ṣùgbọ́n orin kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, láti inú mọ́tò ni wọ́n ti ń bọ́ sí ẹnu géètì, láti géètì ni wọ́n tún ti ń wọ mọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, nínú ìsinmi yìí, ẹ rán ọmọ lọ sí Bódìjà tàbí Ọjà'ba. Ẹ fún un ní owó tí kò tó pátápátá, kí ó ra nǹkan márùn-ún, kí ó sì mú ṣéńjì wálé. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ gun Mápó lọ́sàn-án. Ẹni tí ó bá mọ ọjà ná níbí, Fez kò ní lè rẹ́ ẹ jẹ: tí wọ́n bá pe iye, yóò dá iye tirẹ̀, yóò yí ẹ̀yìn padà bí ẹni ń lọ, wọn yóò sì pè é padà. Nígbà tí aláàárù bá ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ̀ tí ó ń kígbe "Balak! Balak!", yóò mọ̀ pé "Ẹ yàgò" ni, yóò sì fi ẹ̀yìn ti ògiri kíákíá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù kì í dúró.

Tísà kẹ́mísìrì ti ní kí n má gbàgbé Chouara, ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Láti orí òrùlé àwọn ṣọ́ọ̀bù ni a ó ti wò ó: kòtò olómi lóríṣiríṣi, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, àwọn ọkùnrin rì sínú rẹ̀ dé itan, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ awọ. Láìmù, irú èyí tí àwọn akunlé mọ̀, ló ń bó irun kúrò lára awọ. Ìgbẹ́ ẹyẹlé ló ń sọ ọ́ di rírọ̀. Òórùn ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Wọn a fún àlejò ní ewé míǹtì, ìbátan efinrin wa, kí ó máa fi sí imú. Tísà ìtàn yóò sọ fún wọn níbẹ̀ pé awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn Òyìnbó àtijọ́ ń pè ní awọ Mòrókò, púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ Haúsá ló ti ń wá, ràkúnmí ló ń rù ú la aṣálẹ̀ kọjá. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ: ẹni tí ó bá gun òrùlé aláwọ, aláwọ yóò retí kí ó ra nǹkan. "Ẹ ṣeun" tó, kò sí ìjà.

Oúnjẹ wọn kò ta. Búrẹ́dì, ọbẹ̀ ẹ̀wà, ẹran inú ìkòkò amọ̀, kúskùs ní ọjọ́ Jímọ̀, tíì onímíǹtì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ẹ má di gààrí kún báàgì ọmọ. Ata gígún díẹ̀ nínú ike kékeré, mo fàyè gbà á, nítorí èmi náà máa mú tèmi lọ. Aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún ni kí wọ́n kó, àti súwẹ́tà kan, torí òtútù ń mú níbẹ̀ lálẹ́ nínú oṣù Kẹrin.

Ní ti ìwé: pásípọ́ọ̀tù tí ó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó parí, yẹ́lò kààdì, àti ìwé ìyọ̀ǹda tí òbí méjèèjì fọwọ́ sí. A nílò físà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò bá gbogbo wọn ṣe é pọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì ní pásípọ́ọ̀tù, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́la, kí ó má dúró de ọdún tuntun. Bọ́sà yóò fi iye owó àti bí ẹ ṣe lè san án díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀ tán. Èkó sí Casablanca la ó fò, reluwé ni a ó wọ̀ dé Fez, bíi wákàtí mẹ́rin. Aago wọn àti aago wa yóò dọ́gba nígbà náà, nítorí náà, ẹ má pe ọmọ láago méjìlá òru pé ẹ rò pé ilẹ̀ ò tíì ṣú níbẹ̀.

Bàtà ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra tuntun fún wọn. Èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, tí kì í ta wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́, òun ni kí wọ́n wọ̀ bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ẹ̀kọ́