Ẹ̀sùn lórí Ẹlẹ́rìndòdò Oníke Tí Gáàsì Rẹ̀ Ń Tán Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé

Ṣọ́ọ̀bù Tíṣà,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
17 Oṣù Kẹta, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,
Ilé Iṣẹ́ Ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀sùn ni mo mú wá, n kò sì ní fi dúdú pe funfun fún yín. Ẹlẹ́rìndòdò oníke yín, pàápàá jù lọ oní 35cl, kì í ní gáàsì gidi mọ́ nígbà tí ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ sí i lára ṣì kù rẹpẹtẹ. Mo ti sọ fún ọmọ yín tó ń já ọjà. Mo ti sọ ní dípò, ibi tí ẹ ń kó ọjà pamọ́ sí. Mo ti pe nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: "Ìyá, bí ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀ ni." Ó dáa. Bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ gan-an ni mo wá jókòó tì, ohun tí mo sì rí ni mo kọ sínú lẹ́tà yìí.

Ẹni tó bá ya ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn Oṣù Kejì kò wá omi ṣúgà wá. Ohun tí yóò ta á lọ́fun, tí yóò sì mú un gùfẹ̀, ló ń wá. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ kan mu tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e padà sórí káńtà, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ti ń po omi mọ́ ọn?" Èrò wà níbẹ̀. Mo mú òmíràn, mo ṣí i níṣojú rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ kò tíì já tẹ́lẹ̀, òrùka rẹ̀ wà lọ́rùn ìgò bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó ti pariwo "ṣíìì", ó kàn mí fín-ín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo dá owó ọmọ náà padà. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ "ó ń po omi mọ́ ọn" ló dùn mí, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó yí àdúgbò ká, òun ló sì máa ń ti ṣọ́ọ̀bù èèyàn pa.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ẹ̀bi mi ni, mo máa ń fẹ́ kó wá ṣàlàyé rẹ̀ lójú pátákó. Nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé níbi iṣẹ́ yín, mo ṣe é fúnra mi.

Inú ọjà tí ọkọ̀ yín já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ti ṣa gbogbo ìgò tí mo lò: onígíláàsì 35cl, oníke 35cl, àti oníke lítà kan àbọ̀. Kólà ni gbogbo wọn. N kò da ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn pọ̀ mọ́ wọn, nítorí gáàsì inú kólà sábà máa ń ju ti ọlọ́sàn lọ láti ilé iṣẹ́. Mo fi máákà kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Mo to apá kan sí igun ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn kì í dé, mo sì to apá kejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn lábẹ́ páànù, níbi tí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àgbàlá dípò yín. Alágbẹ̀dẹ wúrà tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra yá mi ní òṣùwọ̀n rẹ̀, èyí tó lè mọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Kò gbà ju kílò kan lọ, nítorí náà ìgò kékeré nìkan ni mo fi wọ̀n.

Gáàsì kì í ṣe òfo, ó ní ìwúwo. Bí a bá fa gbogbo gáàsì inú ìgò kólà tuntun jáde, àyè tí yóò gbà sábà máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin àyè kólà náà. Fún 35cl, gbogbo ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n òun náà ni ẹ ń tà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, omi, ṣúgà àti àwọ̀ ló kù.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ní ṣé omi pàápàá kò lè gba ara ike jáde ni. Ó lè gbà á jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi fọ irú ìgò kan náà, tí mo rọ omi lásán kún un, tí mo dé e pa, tí mo sì tò ó mọ́ àwọn yòókù. Ohunkóhun tí ìgò olómi bá pàdánù, mo ń yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ìgò ẹlẹ́rìndòdò pàdánù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, gáàsì ni. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ fi èyí han àwọn oníṣẹ́ yàrá ìwádìí yín kí wọ́n tó sọ pé ìyá arúgbó kan ń ṣeré.

Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀ ni mo ń wọ̀n wọ́n. Ìgò gíláàsì kò yẹ̀ lójú òṣùwọ̀n rárá. Oníke tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí oníke tó wà lábẹ́ páànù ń pàdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti inú ṣọ́ọ̀bù. Mo da orí wọn kodò sínú abọ́ omi bóyá ìdérí ni kò mú dáadáa. Èéhó kan ṣoṣo kò jáde. Ìdérí yín kò lẹ́bi. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀: ara ike náà ni gáàsì ń gbà lọ, tọ̀sán-tòru, láìjò, láìdún.

Nígbà tó yá, mo ra fèrè onírọ́bà (bàlúùnù) tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí fi ṣeré. Mo ṣí ìgò, mo yára fi ẹnu fèrè bo ọrùn rẹ̀, mo sì mì ín títí kò fi ru mọ́. Ti gíláàsì wú, ó le, ó dìde dúró lórí ìgò. Ti oníke inú ṣọ́ọ̀bù kéré sí i, ṣùgbọ́n ó ṣì dúró. Ti abẹ́ páànù wú díẹ̀, ó sì dorí kodò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ojú àwọn oníbàárà mi ni mo ti ṣe èyí, kọ̀ńdọ́ tó pè mí ní apomimọ́ọn náà sì wà níbẹ̀. Òun ló tilẹ̀ bá mi di ìgò mú.

Ẹ̀yin náà mọ gbogbo èyí. Láti 1973 tí Nathaniel Wyeth, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont, ti gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lórí ìgò PET, irú ike tí ẹ fi ń ṣe ìgò yín, ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ohun àṣírí láàárín àwọn oníṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò pé gáàsì ń gba ara rẹ̀ jáde, àti pé ooru ń mú kó yá. Ẹ tún mọ̀ pé ìgò kékeré ló ń jìyà jù. Ohun tó wà nínú lítà kan àbọ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti 35cl lọ, ṣùgbọ́n bí ìrísí àwọn ìgò náà bá jọra, ara ike tó yí i ká kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìyẹn ni pé fún ẹnu kan tí a ó mu nínú ìgò kékeré, ara ike tó ń jẹ́ kí gáàsì sá lọ pọ̀ jù. Kí ló wá dé tí ọjọ́ ìparí kan náà fi wà lọ́rùn ìgò méjèèjì tí ẹ ṣe lóṣù kan náà? Ibi tí ẹjọ́ mi dá lé gan-an nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é mọ̀ pé ọ̀kan yóò tètè kú ju èkejì lọ, ẹ sì ń jẹ́ kí èmi tí mò ń tà á jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bú.

Mo ní ìgò 35cl yín àtijọ́ kan nílé tí mo máa ń rọ epo pupa sí. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo gbé e kúrò, mo wá gbé tuntun síbẹ̀. Tuntun fúyẹ́ dáadáa. Ọrùn rẹ̀ ti kúrú, ara rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́. Mo mọ̀ pé ike wọ́n, n kò sì bá yín jà pé ẹ fẹ́ dín ìnáwó kù. Ike pàápàá kò burú: kì í fọ́, kò sí pé a ń wá kírétì àti òfìfo kiri, ọmọ iléèwé lè fi sínú báàgì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dín ara ìgò kù, ṣé ẹ dín ọjọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kù? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìpele tín-ín-rín mìíràn sínú ìgò kí gáàsì má baà tètè jáde wà láyé, ó ti pẹ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ ná owó yẹn, ẹ kọ ọjọ́ tó jẹ́ òótọ́.

Ọmọ yín tó ń já ọjà ní kí n máa jẹ́ kó tutù dáadáa kí n tó tà á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. William Henry, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé láti 1803 bí gáàsì ṣe ń wọnú omi tó, tí a bá sì jẹ́ kí omi tutù bíi yìnyín, gáàsì tó lè mú mọ́ra fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí omi tó wà ní ìwọ̀n ooru 20 lè mú. Fíríjì a máa jẹ́ kí gáàsì tó bá kù dúró. Kò lè lọ pe èyí tó ti gba ara ike lọ padà. Àti pé, ta ni yóò san owó iná? Ọ̀sán Ìbàdàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn máa ń lé ní ìwọ̀n ooru 33, inú rẹ̀ sì ni ọkọ̀ yín ti ń gbé páàkì kiri láìbo nǹkan kan lé e. Ní dípò yín, mo fojú ara mi rí i tí wọ́n to ọjà sí gbangba, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ti lẹ̀ mọ́ ìgò lára nítorí oòrùn. Òǹtẹ̀ ọjọ́ fi hàn pé páàkì tí wọ́n kó fún mi lẹ́yìn ọdún tuntun ti pẹ́ lọ́wọ́ yín ju bó ṣe pẹ́ lọ́wọ́ mi lọ. Ṣé èmi ló tún tọ́jú ìyẹn?

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gba páàkì 35cl mẹ́sàn-án tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, kí ẹ fi tuntun rọ́pò wọn, tuntun tí a ṣe láàárín oṣù kan sí ọjọ́ tí ẹ bá gbé e wá. Bí ẹ kò bá ní, ẹ dá owó mi padà ní iye tí mo rà á. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún dípò kí wọ́n wá ibi tó ní òrùlé fún ọjà, kí ọkọ̀ sì máa ní tapólì. Ti ọjọ́ ìparí, mo mọ̀ pé kì í ṣe dípò ló ń pinnu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín lókè. Ẹ fún ìgò kékeré ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń gbé fóònù yín kí wọ́n yé sọ fún olùtajà pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, kí wọ́n tó béèrè òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wà lára ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó sì ṣeé lò fún àkókò tó bójú mu. Bí n kò bá gbọ́ èsì tó nítumọ̀, ẹ̀dà lẹ́tà yìí, ìwé tí mo kọ ìwọ̀n sí, àti fọ́tò dípò yín yóò lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin náà. N kò fẹ́ kó dé ibẹ̀, nítorí ọjà yín ń tà, èmi náà sì ń jẹun níbẹ̀.

Àwọn ìgò tí mo kọ nọ́ńbà sí wà lórí pẹpẹ, n kò tíì ṣí gbogbo wọn. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan wá wò wọ́n, kó mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ dání, nítorí alágbẹ̀dẹ wúrà ti gba tirẹ̀ padà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, àyàfi ọjọ́ Àìkú. Kí ó jọ̀wọ́ má wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, èrò máa ń pọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Ìbejì (Tíṣà),
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì àti olùtajà ẹlẹ́rìndòdò.