Màámi, Kò Sẹ́ni Tó So Owó Mi

Leeds, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà òjò. Ara mi le, mò ń jẹun, mò ń sùn, ẹ má fòyà. Ọ̀rọ̀ owó páànù òrùlé yín ló mú mi kọ̀wé. Tí mo bá pè, Bọ̀ọ̀dá mi ló máa ń gbé fóònù, ẹ̀yin náà á sì ti máa sunkún kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ìwé dára jù, ẹ lè fi gíláàsì yín kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní wòlíì rí i pé ẹnìkan nínú ẹbí ló so owó mi mọ́lẹ̀, ìyẹn ni owó tí mo ṣèlérí fún oṣù Kejì kò fi dé, kí ẹ mú ₦80,000 wá fún òróró àti àbẹ́là. Màámi, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má san án. Kò sẹ́ni tó so owó mi. Èmi fúnra mi mọ ibi tí owó náà gbà lọ.

Méjì nínú àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́ kú ní oṣù Kìíní, wọn ò sì tíì rí ẹni rọ́pò wọn. Bí arúgbó bá dín, iṣẹ́ á dín. Ọjọ́ márùn-ún tí mò ń ṣe lọ́sẹ̀ di mẹ́ta. Owó wákàtí kan fi díẹ̀ lé ní pọ́n-ùn 12, wákàtí 12 sì ni iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ wo ohun tí ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ kó lọ, kí ẹ tó yọ owó orí. Owó ilé ò dín ní tiẹ̀. Owó iná ò dín.

Nínú mẹ́ta tó kù náà, ọ̀kan tún bọ́ lọ́wọ́ mi. Yìnyín ti bo ilẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń rọra tẹlẹ̀ kí n má baà ṣubú. Iná pupa ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni mo bá, bó ṣe ń yà ní kọ̀rọ̀ títì. Mo nawọ́ sókè, awakọ̀ ò rí mi. Kí òmíràn tó gbé mi débẹ̀, wọ́n ti pe ẹlòmíràn sí iṣẹ́ mi.

Ẹ mọ bí a ṣe ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Baálẹ̀: ọkọ̀ fi mí sílẹ̀, ọkọ̀ ọ̀hún takìtì lọ́nà, Ọlọ́run ló yọ mí. Mo wá irú ẹ̀rí yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ń yẹ fóònù wò bóyá n ó gbọ́ pé nǹkan ṣe bọ́ọ̀sì náà. Kò takìtì, Màámi. Gbogbo ẹni tó wọ̀ ọ́ ló débi iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí mo jókòó rò ó, ojú tì mí gidigidi, pé mò ń retí kí nǹkan ṣe ọmọ ọlọ́mọ kí n tó gbà pé Ọlọ́run ń tọ́jú mi. Ọlọ́run tó gbé wọn débi iṣẹ́ náà ló mú mi padà sílé lórí yìnyín, tí n kò fẹsẹ̀ kọ. Owó lọ. N kò tíì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Mo ṣì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ohun kan wà nínú Bíbélì tí mi ò kíyè sí rí àfi lóṣù Kejì yẹn. Nínú ìwé Mátíù, ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó kan. Nínú ìwé Lúùkù, márùn-ún ni wọ́n ń tà ní owó méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà Ìgbónà tí ẹ jẹ́. Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́. Ìkarùn-ún yẹn, ènì ni! Mo wá rántí ọwọ́ yín lórí kóńgò ẹ̀wà: ẹ ó wọ̀n ọ́n títí yóò fi ga ní góńgó, díẹ̀ á máa yọ́ dà sílẹ̀ létí kóńgò, oníbàárà á ní, “Màmá, ènì mi ńkọ́?”, ẹ ó sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá rẹ̀. Ta ló ń ka ẹ̀wà ènì? Ẹ̀yin gan-an kì í kà á. Ṣùgbọ́n Jésù ní Ọlọ́run ò gbàgbé ọ̀kan nínú àwọn ológoṣẹ́ yẹn, títí kan èyí tí wọ́n fi ṣe ènì. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi ró, Màámi, kì í ṣe àbẹ́là.

Ilé náà ńkọ́? Alẹ́ tí ìjì ká páànù yàrá yín, Àlhájà ilé kejì ti gbé tapólì dé kí ẹnikẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, tapólì tó fi ń bo ọjà tirẹ̀. Ẹ sáré sọ ìyẹn kọjá, ẹ wá pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wòlíì. Ta lẹ rò pé ó rán Àlhájà?

Bọ̀ọ̀dá mi ní mò ń fi Ọlọ́run bojú ni, pé tó bá wù mí n ó fowó ránṣẹ́. Ó dùn mí. Mi ò bínú sí i o, mi ò sì fẹ̀sùn kàn án, àmọ́ kó dá mi lóhùn: pákó òrùlé tí mo sanwó rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ṣé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹ fojú ara yín rí pákó tuntun? Bí pákó bá ti jẹrà, ìjì ò nílò kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́ kó tó ká páànù.

Mo ti fi ₦250,000 ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Àkáǹtì yín ni mo fi sí, kì í ṣe ti Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀gá ti kọ ọjọ́ mẹ́rin fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, ìyókù á wọlé níparí oṣù. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà yọ pákó tó ti jẹrà kó tó kan páànù. Kó má lo ìṣó àtijọ́, kó sì fi rọ́bà sábẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró tì í.

Ẹ bá mi kí Àlhájà púpọ̀púpọ̀. Tí wọ́n bá kàn án tán, ẹ fọ tapólì rẹ̀, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Ẹ bá mi wọn ẹ̀wà kóńgò kan fún un, kí ẹ sì fi ènì sí i.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́