Aró tó ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ajé. Inú mi dùn pé Màmá ti ń jẹun dáadáa. Bá mi kí wọn gan-an. O ní kí n sọ ohun tí mò ń ṣe nínú yàrá òkùnkùn látàárọ̀ dalẹ́. Kálísíọ́mù inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni mò ń wọ̀n.

Kálísíọ́mù egungun àti eyín ni wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ìránṣẹ́ ni. Èyí tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì tó ìlọ́po 10,000 èyí tó wà nínú rẹ̀, nítorí tọ̀sán-tòru ni sẹ́ẹ̀lì ń tì í síta. Bí iṣẹ́ bá délẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí fìrí, kálísíọ́mù á rọ́ wọlé, iṣan á sún kì, ọkàn á lù. Ta ló lè fojú lásán rí ìyẹn?

Aró tí ìtànṣán rẹ̀ ń yí padà tí kálísíọ́mù bá dì mọ́ ọn la fi ń rí i. Fura-2 lorúkọ èyí tí mò ń lò. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Roger Tsien, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1985. Kò lè dá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà wọ́n fi ìbora kan bò ó tó jẹ́ kó lè yọ́ gba ara sẹ́ẹ̀lì kọjá. Tó bá wọlé tán, àwọn ẹ́ńsáìmù ibẹ̀, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gé nǹkan bí ọ̀bẹ, á gé ìbora yẹn kúrò, kò sì ní tètè rọ́nà jáde mọ́. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀.

Gbọ́ ohun tó ṣe mí lóṣù tó kọjá. Fluo-4 ni mò ń lò nígbà yẹn, aró tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sẹ́ẹ̀lì kan wà lápá òsì tó ń tàn yòò, àwọn tó yí i ká ń tàn bàìbàì. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kálísíọ́mù rẹ̀ ti ga. Irọ́ ni! Ó nípọn ni, ó sì ti mu aró ju àwọn yòókù lọ. Ìyá àgbà rẹ, aláró Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ì bá ti sọ fún mi: kíjìpá àti aṣọ fẹ́lẹ́ kì í mu aró bákan náà, bí a tilẹ̀ rẹ wọ́n sínú ìkòkò kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún ṣe.

Fura-2 kì í jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ méjì là ń tàn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, 340 nánómítà àti 380 (nánómítà la fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀). Tí kálísíọ́mù bá dì mọ́ ọn, ìtànṣán tí 340 ń mú jáde á pọ̀ sí i, ti 380 á dín kù. A ó wá fi èkejì pín èkíní. Ìwọ̀n aró tí sẹ́ẹ̀lì mu ò lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ mọ́, torí ó wà nínú méjèèjì.

Lánàá, mo da histamine díẹ̀, èròjà kan tí ara fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì, sórí sẹ́ẹ̀lì HeLa, irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́ nínú yàrá ìwádìí. Kò kọ́kọ́ sí nǹkan kan. Àfi bí ọ̀kan ṣe ta gìrì: ìlà orí kọ̀ǹpútà tó ń fi kálísíọ́mù rẹ̀ hàn gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, bí ẹni tó ń mí. Aládùúgbò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní àsìkò tirẹ̀. Mi ò lè dìde lórí àga.

Jọ̀ọ́, bá mi bi Ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó lára aṣọ. Ní tèmi, ìṣẹ́jú 30 ni, mi ò sì ń jẹ́ kí ibẹ̀ móoru jù, kí aró má baà sá wọ àwọn àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì tí mi ò fẹ́ kó dé. Mò ń retí èsì wọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́