Dìde, Jẹun, Ọ̀nà Náà Jìn

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Kristi,

Eré ìje máratọ́ọ̀nù jẹ́ 42.195 kìlómítà. Ẹni tó bá wo èyí tí wọ́n ń sá l'Ékòó, láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic, á rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kì í nira. Èrò ń hó, ara gbogbo wọn yá gágá. Láàárín kìlómítà 30 sí 35 ni ọ̀rọ̀ máa ń di wàhálà. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ alágbára ti ń wúwo, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí létí títì.

Àwọn tó ń wòran á ní ìgboyà rẹ̀ ló tán. Ṣúgà ló tán. Ara ń kó ṣúgà oúnjẹ pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, èyí kì í tó sáré ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ. Ọ̀rá pọ̀ lára lóòótọ́, àmọ́ kì í tètè jó. Ẹni tó bá sì sáré àsápajúdé ní kìlómítà 5 àkọ́kọ́ ń ná ṣúgà tí yóò wá tì í lẹ́yìn ní kìlómítà 32.

Ìdí rèé tí àwọn olùkọ́ eré fi ń ní kí asáré bẹ̀rẹ̀ sí í mu ohun dídùn kí wákàtí àkọ́kọ́ tó pé, nígbà tí ebi kò tíì pa á rárá, ṣúgà gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan. Tó bá di pé òòyì ti ń kọ́ ọ kó tó gbé ìgò sẹ́nu, ó ti pẹ́ jù: inú rẹ̀ lè má gbà á mọ́, ó lè bì í. Omi lásán nìkan kò sì tó. Ẹni tó bá ń mu ún ju bó ṣe ń làágùn lọ, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù, ó lè mú gìrì wá, ó tilẹ̀ lè gbẹ̀mí.

Ẹ wá wo Èlíjà nínú 1 Ọba 18 àti 19. Ó di àmùrè, ó sáré níwájú Áhábù dé Jésréẹ́lì, nǹkan bíi 25 kìlómítà. Jésébẹ́lì, aya Áhábù, ránṣẹ́ kan ṣoṣo sí i pé òun yóò pa á, Èlíjà sá, ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí níbẹ̀. Àkàrà lórí ẹyin iná àti orù omi ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà jí i: dìde, jẹun, nítorí ọ̀nà náà jìn fún ọ. Ìbéèrè pé "Kí lo ń ṣe níhìn-ín?" dúró di Hórébù, lẹ́yìn ogójì ọjọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò ka Bíbélì láti oṣù mẹ́ta, tí dókítà wá sọ ọ̀rọ̀ líle fún, ń wá agbára tí kò kó pamọ́. Mo sì ń ṣàníyàn gidi lórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtúnbí. Láàárín oṣù kan, wọ́n á wọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ aládùúrà àti ẹgbẹ́ ajíhìnrere, wọ́n á gbààwẹ̀ ọjọ́ 21; kó tó di Ìkórè, a ò rí wọn mọ́. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má kó iṣẹ́ lé wọn lórí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ìhìn Rere Máàkù ní orí mẹ́rìndínlógún: ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ka orí kan láràárọ̀, kí fóònù tó di títàn, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Asáré gidi kì í sáré tagbáratagbára lójoojúmọ́. Púpọ̀ nínú ìdánrawò rẹ̀ ló ń sá wọ́ọ́rọ́wọ́, débi tó fi lè bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn á dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin kí iṣan lè san. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọ tí ẹ kì í sinmi, ọ̀rọ̀ yín nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ igi lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má kọ̀wé pé ẹ fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ jẹ́ kí alàgbà àdúgbò yín gbọ́ kó tó di Ọjọ́rú, kó lè wá jókòó tì yín.