Ẹ̀yin Olóòtú, Dresden kọ́ ni wọ́n ti wá o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ kú làálàá.

Mo ka àròkọ yín tọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ Yúróòpù, mo sì ń gbádùn ẹ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́ títí mo fi débi tẹ́ ẹ ti ní ìpínlẹ̀ Saxony, ìyẹn apá Dresden àti Leipzig ní Jámánì, làwọn Saxon, ẹ̀yà ayé àtijọ́ kan, ti gbéra wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Háà! Mo gbé kọ́ọ̀pù tíì kalẹ̀. Essex ni mò ń gbé, Essex yìí ò sì ju “àwọn Saxon apá ìlà-oòrùn” lọ, bí Sussex ṣe jẹ́ tàwọn ará gúúsù wọn, tí Wessex jẹ́ tìwọ̀-oòrùn, ti àárín ni Middlesex, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí.

Tẹ́ ẹ bá ń wọ Essex lójú títì, ẹ máa rí ọ̀bẹ mẹ́ta lórí àwọ̀ pupa lára sáìnbọ́ọ̀dù. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ bi mí nínú mọ́tò pé, “Dádì, kí ni wọ́n ń fàdá ṣe lára bọ́ọ̀dù?” Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mo ní kó jẹ́ kí n wa mọ́tò mi. Seax lorúkọ ọ̀bẹ yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ló mú bíi tàdá lóòótọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé òun ni wọ́n fi sọ àwọn èèyàn náà lórúkọ. Ti ara bọ́ọ̀dù tẹ̀ kọrọdọ o, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń hú nínú sàréè àtijọ́, gbọọrọ ni wọ́n.

Mọ́ńkì kan, Widukind ará Corvey, kọ ìtàn àwọn Saxon yìí sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 968. Ó ní ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn gúnlẹ̀ sí Hadeln, nítòsí ibi tí odò Elbe ti ń wọ òkun, ebi ń pa wọ́n, wọn ò nílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin wọn kan wá kó wúrà sọ́rùn, ó pàdé ará Thuringia kan, ìyẹn àwọn tó nilẹ̀ níbẹ̀, tó bi í pé èló ló fẹ́ tà á, ó ní iyekíye tí wọ́n bá fún òun, ni ìyẹn bá fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé kóun bu iyẹ̀pẹ̀ kún aṣọ ẹ̀, lọmọ ọ̀hún bá gbà. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n ó gbé iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ń wọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ káàkiri oko, ó ní ilẹ̀ táwọn fi wúrà rà nìyí. (Ẹni tó bá gbọ́ ti iyẹ̀pẹ̀ orí omi n’Ífẹ̀ á rẹ́rìn-ín níbí, àfi pé kò sí adìyẹ nínú tiwọn.) Nígbà tíjà ilẹ̀ yìí wá sú àwọn Saxon àtàwọn ará Thuringia, wọ́n ní kí tọ̀tún-tòsì pàdé láìmú ohun ìjà dání, làwọn Saxon bá fi ọ̀bẹ sábẹ́ aṣọ, wọ́n sì pa àwọn tó wá bá wọn ṣèpàdé. Wọ́n ń sọ irú ìtàn kan náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní Hengist, olórí àwọn Saxon tó wá síbẹ̀, ló ṣe é fún Vortigern, ọba àwọn onílẹ̀, èmi ò sì rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ rí Hadeln yẹn, etí òkun àríwá ni, ó jìn sí Dresden gan-an. Bede, mọ́ńkì òpìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 731 pé ibi tí wọ́n ń pè ní Saxony Àtijọ́ ni wọ́n ti wá, apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Jámánì òní nìyẹn, lásìkò yẹn sì rèé, àwọn Slav, ẹ̀yà mìíì pátápátá, ló ń gbé ibi tí Dresden wà, kódà ọ̀rọ̀ Slav ni “Dresden” fúnra ẹ̀. Apá àríwá yẹn náà ni Charlemagne, ọba àwọn Frank, ti bá wọn jà láti 772 títí di 804, ìwé ìtàn ààfin tirẹ̀ gan-an ló sọ pé 4,500 ló pa níjọ́ kan ṣoṣo ní Verden ní 782.

Báwo lorúkọ wá ṣe dé Dresden? Oyè ló ṣí, àwọn èèyàn ò ṣí. Lọ́dún 1180 wọ́n gba oyè Saxony, ìyẹn oyè olórí ilẹ̀ náà, lọ́wọ́ Henry tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, wọ́n fi jẹ ẹlòmíì, ìdílé yẹn gbé e lọ sí Wittenberg, nígbà tí wọ́n kú tán ní 1422 ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Wettin ará Meissen, nítòsí Dresden, lọ́dún kejì, ibi tí wọ́n bá sì ti ń jọba ni wọ́n ń pè ní Saxony, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bo Dresden. Ilẹ̀ àwọn tó ni orúkọ gan-an, 1946 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ìpínlẹ̀ Niedersachsen, ìyẹn Saxony Ìsàlẹ̀, ẹ fojú inú wò ó.

Àwọn Finland ní tiwọn ń pe gbogbo Jámánì ní Saksa, àwọn Wales sì ń pe ará England ní Sais, tó fi hàn pé kálukú ló ń mú orúkọ yìí bó ṣe bá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀. Ọmọ mi yìí náà ti gé àròkọ yín mọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, mo ti fi bírò fagi lé Dresden, ó ń bínú pé mo ba ìwé òun jẹ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Essex.