Èlíjà Sùn, Ó Jẹun

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, okun o!

Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. (Ó ní kí n sọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun.) Bọ́ọ̀sì àti trélà ló forí sọra lójú ọ̀nà Obajana sí Kábà, wọ́n kó àwọn tó fara pa wá bá a lóru. Ọmọdé kan kú sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gba ọjà lọ. Wọ́n ní, "Ṣé dáadáa lẹ jí?" Ó ní dáadáa ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dijú, ọmọ yẹn ló ń rí. Ó lo tramadol, oògùn apàrora, ẹyọ kan kó lè sùn. Nígbà tó yá, ẹyọ kan ò ràn án mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lápò rẹ̀, ẹ rántí ìyẹn ká tó dájọ́. Bó bá rẹ bíríkìlà, kò ní abẹ́rẹ́ apàrora pentazocine nítòsí. Nọ́ọ̀sì ní in, ó sì mọ̀ ọ́n gún. Nígbà tí ìjọba fòfin de oògùn ikọ́ oní-codeine lọ́dún 2018, àwọn ọmọ inú gáréèjì la ń nàka sí. A ò wo àga iwájú níbí. Ẹ ro àwọn rodi séfútì tó ń fa òkú yọ nínú ọkọ̀. Ẹ ro pásítọ̀ tó sin òkú mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan náà, àbí ẹ rò pé irin ni wá?

Mo jẹ̀bi. Mo ti gbọ́wọ́ lé irú wọn lórí rí pé, "Máa lọ, ó ti tán." Kò tán. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run ò bá a wí. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún sùn, ó tún jí i jẹun. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣì wà níwájú.

Ẹni tí oògùn bá ti di bárakú fún, ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì o, ara yóò jà. Ẹ rí dókítà. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta; wọ́n ń tọ́jú ẹni tí oògùn di bárakú fún náà.

Ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó mi la máa sin arábìnrin wa lọ rí dókítà. Ẹgbẹ́ Ìyá Rere, ẹ bá wa gbé oúnjẹ lọ fáwọn ọmọ rẹ̀.