Ta ni ẹ ń sọ fún pé kó má ronú?

Sí Olóòtú,

Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ gba àwọn aboyún nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí ẹ ti ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n má sì ronú rárá nítorí ọmọ inú wọn. Òótọ́ ni pé másùnmáwo ìyá máa ń kan ọmọ inú. Ẹni tí ẹ di ẹrù náà rù ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí.

Ó lé ní 20 ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, èmi náà sì ti sọ “ẹ má ronú” yìí láìmọye ìgbà. Obìnrin kan ló là mí lójú. Oyún rẹ̀ ti tó oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, síbẹ̀ aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí lọ rajà tó ń tà, nítorí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó má ronú, ó wò mí títí, ó ní, “Màmá, ta ló máa bá mi san owó ilé?” N kò rí èsì fọ̀.

Ìwádìí kan wà tó ti ìbéèrè rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, òjò dídì wó òpó iná káàkiri agbègbè Quebec ní Kánádà, àwọn ilé kan sì wà láìní iná fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú òtútù. Olùṣèwádìí kan, Suzanne King, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Montreal wá àwọn tó lóyún nígbà náà rí, wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ya ìyà tó jẹ obìnrin kọ̀ọ̀kan, bí iye ọjọ́ tí kò fi ní iná, sọ́tọ̀ kúrò lára bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dun ọkàn rẹ̀ tó. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn jìyà jù ni ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n pé nǹkan bí ọdún 13, àmì tí wọ́n rí lára jíìnì, ìyẹn àbùdá àjogúnbá, inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá ìwọ̀n ìyà náà mu, kò bá ìwọ̀n ìbànújẹ́ ìyá mu. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni “má ronú” fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ara tó wà nínú ìnira máa ń tú kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà másùnmáwo, sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi ọmọ, èyí tó so ọmọ mọ́ ìyá nínú ikùn, máa ń sọ púpọ̀ nínú èròjà yìí di aláìlágbára kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n kì í lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí dẹ́rù ba aboyún o: ẹkún alẹ́ ọjọ́ kan kì í ba ọmọ jẹ́. Ìnira tí kò dáwọ́ dúró láti oṣù dé oṣù ni à ń wí, èyí tí wọ́n ti rí i pé ó máa ń bá bíbí ọmọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 rìn, àti ọmọ tí kò tó kílò 2.5.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin òṣìṣẹ́ tó bá mú ìwé dókítà wá ní ẹ̀tọ́ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ. Bó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà dín ní ìdajì owó rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọ̀gá ló ń pa á mọ́? Ìyá olójà ní tirẹ̀ kò ní ọ̀gá tí yóò fún un ní ìsinmi, àfi ọkọ àti ẹbí.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ irú ìmọ̀ràn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sí ọkọ, sí ìyá ọkọ àti sí ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń pọn omi nílé, àti ẹni tó ń gbé ẹrù ọjà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.